Ẹ̀wà Kì í Ṣe Oúnjẹ Òtòṣì

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, ni àwọn baba wa máa ń wí. Bí a bá gbọ́ ọ, májèlé ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí a ń fi owó wa rà lójoojúmọ́ pàápàá wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìfun ènìyàn kún fún kòkòrò àìfojúrí tí kò níye, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ọ̀tá. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ-ogun tí ń bá àìsàn jà nínú ara ni ó pàgọ́ sí ẹ̀bá ìfun, àwọn kòkòrò rere sì ni aládùúgbò wọn. Bí a bá jẹ ẹ̀wà, ewébẹ̀ tàbí èso, apá kan wà nínú rẹ̀ tí inú wa kò lè dà. Òun gan-an ni oúnjẹ àwọn kòkòrò yìí. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń pèsè èròjà tí ó ń bọ́ ara ìfun ńlá, tí kì í jẹ́ kí ó gbóná tàbí kí ó wú láìnídìí. Bí wọn kò bá rí i jẹ, iṣẹ́ ààbò náà a dẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 1915 + 100, èyíinì ni 2015. Wọ́n mú 20 ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà àti 20 ará oko ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n sì pààrọ̀ oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ 2. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń jẹ oúnjẹ àgbàdo, ẹ̀wà àti ewébẹ̀. Àwọn ará oko ń jẹ ẹran ọlọ́ràá àti ọ̀dùnkún díndín. Ohun tí inú kì í dà, tí ó jẹ́ gíráàmù 14 lójúmọ́ fún ará Amẹ́ríkà, di 55. Ti àwọn ará oko já láti 66 sí 12. Nígbà tí wọ́n yẹ ìfun wọn wò, ti àwọn ará Amẹ́ríkà ti rọlẹ̀, ti àwọn ará oko sì ti ń gbóná. Ọ̀sẹ̀ 2 péré!

Ẹ wá wo ọjà wa. Ìyá tí ń ta ẹ̀wà ni ó ń ra búrẹ́dì funfun àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún ọmọ tí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bí inú bá run ọmọ náà, a ra kápúsù lọ́wọ́ oníkìrì. Oògùn apakòkòrò kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Dókítà ni kí ó sọ ìgbà tí ó yẹ kí a lò ó.

N kò wí pé ẹ̀wà lè rọ́pò abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí omi mímọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà, ewédú àti èso padà sínú abọ́ ọmọ. Kí ẹni tí kò jẹ ẹ̀wà tipẹ́ fi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí inú rẹ̀ má ba à máa kùn láàárín àwùjọ.