Ẹ̀dọ̀fóró Onírọ́bà ti Theodor Kolobow

Rọ́bà sílíkónì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ká jọ bí ẹní sínú ẹ̀dọ̀fóró àtọwọ́dá tí Theodor Kolobow ṣe yìí. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lápá kan rọ́bà náà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lápá kejì. Kábọ́ọ̀nù-dayọ́sáìdì tó pọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ á gba ara rọ́bà jáde.

Ní Bethesda, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Kolobow àti Luciano Gattinoni, ọmọ Ítálì, so irú ẹ̀rọ yìí mọ́ àwọn ọmọ àgùntàn. Bí ẹ̀rọ ṣe ń yọ kábọ́ọ̀nù-dayọ́sáìdì tó ni àwọn ọmọ àgùntàn náà ń dín mímí kù, títí wọn ò fi mí mọ́ rárá. Kì í ṣe pé wọ́n kú o! Ara tí kò ní kábọ́ọ̀nù-dayọ́sáìdì láti lé jáde kò rí ìdí tí yóò fi máa mí. Ọdún 1977 ni wọ́n tẹ àbájáde náà jáde. Nígbà tó fi máa di 1980, Gattinoni ti ń fi ọgbọ́n yìí tọ́jú èèyàn ní Ítálì, kí ẹ̀dọ̀fóró tó ń ṣàárẹ̀ lè sinmi.