Ẹ̀dá-Ìtàn Rere Tó Kórìíra Idán nínú Eré Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Nínú eré World of Warcraft, onídán lè fi idán pèsè oúnjẹ àti omi, kí ó sì pín in fún gbogbo ẹni tí wọ́n jọ ń rìn. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ yóò tètè bọ̀ sípò lẹ́yìn ìjà. Ká ní jagunjagun kan wà láàárín wọn, ọmọlúàbí tó ń gba aláìlágbára sílẹ̀, ṣùgbọ́n tó kórìíra idán. Ṣé yóò jẹ búrẹ́dì náà? Bí ó bá jẹ ẹ́, ìkórìíra rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí ó bá kọ̀ ọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ènìyàn gidi nídìí kọ̀ǹpútà wọn, ni yóò dúró dè é.

Ìṣòro yìí ti pẹ́. Nínú Unearthed Arcana tí Gary Gygax ṣe ní 1985 fún eré Dungeons & Dragons, irú akọni kan wà, barbarian, tí òfin eré fúnra rẹ̀ ní kó kórìíra idán. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ lo ohun-èlò tó ní idán nínú. Bí ó bá sì bà á jẹ́, ó ń gba máàkì tí yóò gbé e dé ipò gíga. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí, nítorí ohun tó ń bà jẹ́ lè jẹ́ èrè tí gbogbo ẹgbẹ́ fi ẹ̀mí wọn wéwu kí wọ́n tó rí. Bí ó ti ń gòkè ni òfin náà ń dẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀: ó kọ́kọ́ gba àwọn àlùfáà mọ́ra kí ó tó gba àwọn onídán láyè.

Kí ló dé tó jẹ́ àlùfáà ló ṣáájú? Nínú eré náà, ọ̀dọ̀ òrìṣà ni agbára àlùfáà ti ń wá. Ìwé kíkà ni onídán fi ń kọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì sábà ń lò fún méjèèjì. Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀: idán ni ti eégún onídán tó ń dá ènìyàn lára yá, oògùn ni ti ewé àti egbò, agbára àjẹ́ sì dá dúró láyè tirẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù àjẹ́ lè fọkàn tán oògùn, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tako ara wọn. Òṣèré tó bá kàn ní “mo kórìíra idán” kò tíì sọ nǹkan kan. Èwo nínú wọn?

Ìtàn ìran Night Elf nínú Warcraft dáhùn ìbéèrè náà dáadáa. Àwọn ọ̀tọ̀kùlú wọn, Highborne, lo idán ní ìlòkulò títí ó fi ṣí ọ̀nà fún àwọn ẹ̀mí burúkú Burning Legion, ayé inú ìtàn náà sì fọ́. Lẹ́yìn ogun, ìran náà fi òfin ikú de irú idán bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi ọwọ́ kan àdúrà sí Elune, òrìṣà òṣùpá. Títí di ìgbà tí Cataclysm jáde ní 2010, kò sí òṣèré tó lè yan Night Elf onídán. Níwọ̀n bí ẹ̀mí wọn ti ń gùn gan-an, àgbà tó fojú rí ìparun náà lè wà láàyè, kí ó sì bá ọmọdé onídán tí kò tíì dáyé nígbà náà pàdé. Ìkórìíra àgbà yìí ní orísun. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Nínú irú eré yìí, ẹni tó ń san owó ìkórìíra náà ló ń fi ìwà ẹ̀dá-ìtàn hàn. Jagunjagun rere á gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání, á sì tètè gbéra nítorí pé kò ní gba ọ̀nà idán kọjá. Òṣèré tó ń bú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì ń sọ pé ẹ̀dá-ìtàn òun ló sọ ọ́, ń fi ìbòjú ṣe ìwà ara rẹ̀ ni. Ká wá ní ìlú ń jó, ọ̀nà idán nìkan ló sì lè tètè kó àwọn ọmọdé jáde. Ó lè gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà náà, kí ó fà wọ́n lé onídán lọ́wọ́, kí òun fúnra rẹ̀ sì fẹsẹ̀ rìn.