Ọ̀kín Nínú Agboolé: Kí Ẹ Tó Fi Owó Àjọ Rà Á

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré ni, nítorí ó ti fa omijé lójú ìyá kan ní àdúgbò wa, nítòsí Ọjà Tuntun, ní Ìlọrin níbí.

Ìyá yìí kó owó àjọ rẹ̀, ó fi ra ọmọ ọ̀kín méjì. Ẹni tí ó tà wọ́n fún un ní akọ kan, abo kan ni. Ó tọ́jú wọn fún ọdún méjì ààbọ̀, kò rí ẹyin kan ṣoṣo. Ni àwọn ará ilé bá ń wí fún un pé ẹyẹ ègún ni ọ̀kín, pé òun ni ó ran Ìbìlísì lọ́wọ́ tí ó fi wọ Àlùjánnà lọ tan Ànọ́bì Ádámà. Ó mú ọ̀bẹ wá bá mi ní mọ́sáláṣí. Ó ní, “Ladánì, ẹ bá mi pa wọ́n.”

Mo ní kí ó ṣe sùúrù. Ìtàn yẹn wà nínú àwọn ìwé ìtàn àtijọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí nínú Al-Kùránì. Ní ti jíjẹ ẹran rẹ̀, ọ̀nà Ímáámù Máálíkì tí àwa ń tọ̀ kò ka ọ̀kín sí harámù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ kan lọ́nà Ímáámù Ṣáfíì kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra ẹran ọbẹ̀?

Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀, ojú kan ni mo wò tí ọ̀rọ̀ fi yé mi. Akọ ni méjèèjì! Ọrùn wọn dúdú bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ sínú aró, ó sì ń dán. Bí abo bá dàgbà, ọrùn rẹ̀ a máa ní àwọ̀ ewé, ìyókù ara rẹ̀ a dàbí ilẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì kéré, ẹ na apá wọn wò: ìyẹ́ ńlá tí ó wà létí apá akọ a máa pọ́n bíi ìpẹtà, ti abo kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé abo kì í yé kí ó tó pé ọdún méjì, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ́ gígùn akọ kì í pé tán kí ó tó di ọdún mẹ́ta.

Ilẹ̀ Íńdíà ni irú ọ̀kín tí à ń rà yìí ti wá, àwọn ará ibẹ̀ sì fi í ṣe ẹyẹ orílẹ̀-èdè wọn ní 1963. Ṭáwúsù ni Lárúbáwá ń pè é, láti inú rẹ̀ ni Hausa ti rí ɗawisu. Àwa náà mọ orúkọ ọ̀kín tipẹ́. Àwọn aládùúgbò wa ará Ọ̀fà ń jẹ́ Ìyèrú Ọ̀kín. Áfíríkà pàápàá ní tirẹ̀ nínú igbó Kóńgò. Ní 1913, ará Amẹ́ríkà kan, James Chapin, rí ìyẹ́ kan lára fìlà ní Kóńgò, kò mọ ẹyẹ tí ó ni ín. Ó di 1936 kí ó tó rí òkú ẹyẹ náà méjì tí a tọ́jú sí ilé ìṣúra kan ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ọdún 23 lórí ìyẹ́ kan!

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ohun tí ń pa ọmọ ọ̀kín jù. Adìyẹ ni. Àrùn kan wà tí adìyẹ ń gbé kiri nínú ìgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹyin aràn, tí kì í sábà hàn lára òun fúnra rẹ̀. Bí ọmọ ọ̀kín bá ṣa nǹkan jẹ níbẹ̀, apá rẹ̀ yóò rọ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ yóò di òféfèé bí imí ọjọ́, kò sì ní pẹ́ kú. Ẹ lè fi ẹyin ọ̀kín mẹ́ta tàbí mẹ́rin sábẹ́ adìyẹ tí ń sàba, yóò pa á ní nǹkan bí ọjọ́ 28. Ṣùgbọ́n kí dókítà ẹran kọ́kọ́ fún adìyẹ náà ní oògùn aràn, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí àwọn ẹyin náà lójoojúmọ́, nítorí wọ́n tóbi jù fún un. Bí wọ́n bá ti pa, ẹ kó àwọn ọmọ sí ibi gbígbẹ tí ó ga, tí ẹsẹ̀ adìyẹ kò dé rí. Oúnjẹ ọmọ tòlótòló dára fún wọn, ẹ bu ìkán sí i. Àwọn àgbà ń jẹ bàbà, àgbàdo, ewé tẹ̀tẹ̀ àti kòkòrò. Akọ kan tó abo mẹ́ta sí márùn-ún.

Ẹ má ṣe há wọn mọ́ inú àgò. Ẹyẹ tí ń sùn lórí igi ni, ó sì fẹ́ àyè tí yóò ti na ìyẹ́ rẹ̀. Ọmọ kékeré kan láyé Ànọ́bì wa ní ẹyẹ tí ó fi ń ṣeré, wọn kò bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí obìnrin tí ó ti ológbò mọ́lé láìbọ́ ọ. Ẹ má sì fa ìyẹ́ wọn tu nítorí ẹni tí ó fẹ́ rà á. Lọ́dọọdún ni akọ ń wọ ìyẹ́ gígùn rẹ̀ dànù fúnra rẹ̀, ẹ̀yin kàn máa ṣà á nílẹ̀.

Ìyá wa ti fi akọ kan ṣe pàṣípààrọ̀ abo. Ní òjò tí ó kọjá, abo náà yé ẹyin márùn-ún, ọmọ mẹ́ta sì wà láàyè. Ẹjọ́ kan ṣoṣo tí ó kù ni ti ariwo: akọ rẹ̀ a máa ké lóru kí n tó pe ìrun àsùbáà, àwọn ará ilé kejì sì ti wá fẹjọ́ sùn mí lẹ́ẹ̀mejì.