Ìrù Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí Ó Ń Da Àwọn Ọmọ Wa Láàmú

Ẹ̀yin abiyamọ, bí ọmọ yín bá gbé ìwé àpèkọ dé láti ilé-ìwé, tí ẹ sì rí "akshon" níbi tí ó yẹ kí ó kọ "action", ẹ má tíì nawọ́ sí pàṣán, ẹ má sì pè é ní olódo. Etí rẹ̀ kò di. Ohun tí ó gbọ́ ni ó kọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìró kan náà ni ó parí "action", "discussion" àti "musician", ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a sì ń gbà kọ ọ́.

Ìdí mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò fiyè sí. Iwájú ọ̀rọ̀ ni Yorùbá ti ń fi nǹkan kún un: láti ara "kọ́" ni a ti rí "ẹ̀kọ́" àti "olùkọ́". Gẹ̀ẹ́sì a máa rán nǹkan mọ́ ìrù ọ̀rọ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní àfòmọ́ ìparí, ojú rírán yìí gan-an ni ọmọ sì ti ń ṣìnà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ kọ odidi ọ̀rọ̀ náà. Kí ó kọ "act", "discuss" àti "music". Kí ó wá rán "ion" mọ́ méjì àkọ́kọ́, kí ó rán "ian" mọ́ ìkẹta nítorí pé orúkọ oníṣẹ́ ni. Àdììtú ti tú! Inú ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ ni "t", "ss" àti "c" ti wá.

Nígbà mìíràn, ẹ ó ṣẹ́ etí aṣọ kí ẹ tó rán an. "Beauty" yóò pa "y" dà sí "i" kí ó tó gba "ful", "l" kan ṣoṣo sì ni. "Hope" yóò yọ "e" kúrò, yóò di "hoping". Ṣùgbọ́n "hop", kí ènìyàn máa fi ẹsẹ̀ kan fò, "p" méjì ni yóò gbà: "hopping". Ọmọ tí ó bá gbàgbé "p" kejì ti sọ ẹni tí ń fò di ẹni tí ń retí!

Àwa tí a wà ní Ìlaròó, Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ tún ní ẹrù tiwa. Ọ̀pọ̀ wa ní mọ̀lẹ́bí ní Kétu, lẹ́yìn ẹnubodè, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí à ń pè ní Dàhòmì títí di 1975. Ọmọ tí ó bá lo ọdún méjì lọ́dọ̀ ìyá-ńlá rẹ̀ níbẹ̀, Faransé ni yóò fi kàwé. Nígbà tí ó bá padà dé, tí ó kọ "responsable", ẹ ó rò pé àìfarabalẹ̀ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. "A" ni Faransé ń lò níbẹ̀, "i" ni ti Gẹ̀ẹ́sì: "responsible". Bákan náà ni Faransé ń kọ "indépendant", tí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ "independent". Èyí tí ó wá burú ni pé "action" àti "possible" kò yàtọ̀ rárá nínú ìwé èdè méjèèjì! Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ kọ èdè méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó fojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀.

Ní ti "able" àti "ible", ẹ yọ ìrù náà kúrò. Bí odidi ọ̀rọ̀ bá ṣẹ́kù, "able" ni ó sábà máa ń jẹ́: "washable", "comfortable". Bí ó bá ṣẹ́kù bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, bí "poss" àti "vis", "ible" ni kí ẹ retí. Aláìgbọràn ni "flexible" àti "accessible"; ẹ jẹ́ kí ọmọ há wọn sórí.

Àwọn òbí kan ti fòfin de Yorùbá nínú ilé nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Lójú tèmi, àṣedànù ni. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ó fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàrin àwọn yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Lálẹ́, bí ẹ ti ń ṣa ẹ̀wà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti tó. Kí ọmọ wo ọ̀rọ̀ náà, kí ó bò ó, kí ó kọ ọ́ láìwò. Ìyá tí kò kàwé púpọ̀ náà lè ṣe é: kí ó fi èyí tí ọmọ kọ wé ti olùkọ́, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì.