Oúnjẹ Ọ̀sán Tí Kì í Mú Ọlọ́jà Sùn

Bí aago méjì ọ̀sán bá ti lù, ẹ wo ọjà Ìlá-Òràngún, ẹ wo Òkè-Ìlá: ìyá aláṣọ ń tòògbé, télọ̀ ti gbórí lé mẹ́ṣìn. Iyán ni! Igbómìnà kì í kúkú fi iyán ṣeré. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó bá bá ìyá lójú oorun, ìsọ̀ kejì ló ń lọ.

Àwọn òyìnbó a máa po ẹja tuna inú agolo mọ́ ewé tútù jẹ lọ́sàn-án. Sàdíìnì náà ṣe é, ọ̀rá ara rẹ̀ sì ń ṣe ọkàn lóore. Ẹja tí a sè láàárọ̀ lè bàjẹ́ nínú ooru kó tó di ọ̀sán, ṣùgbọ́n agolo tí a kò tíì ṣí kò nílò fíríìjì.

Ewé ńkọ́? Yánrin wà lóko. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni kẹ́ ẹ já, èyí tó ti gbó korò jù. Omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀mẹta, torí tútù lẹ ó jẹ ẹ́, ìdọ̀tí rẹ̀ a sì máa fa ìgbẹ́ gbuuru.

Tó bá dọ̀sán, ẹ rẹ́ yánrin, tòmátì àti àlùbọ́sà, ẹ da sàdíìnì àti òróró rẹ̀ lé e, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ̀pà yíyan díẹ̀ kò ní jẹ́ kébi tètè dé. Ẹ má fi iyọ̀ kún un o, ó ti wà nínú ẹja. Ẹ̀yin ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ẹ gbọ́! Agolo tó bá wú, ẹ má rà á. Èyí tẹ́ ẹ bá ṣí, ẹ jẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Iyán dalẹ́.