Orógbó Nínú Àwo Ìsọmọlórúkọ àti Nínú Ìgò Ìwádìí

Igi orógbó kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó dàgbà ní Ofosu àti ní igbó ẹkùn Ìdànrè. Bí ó bá di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ìbáà ṣe pásítọ̀ ni yóò gbàdúrà, ìbáà ṣe bàbá àgbà, orógbó kì í wọ́n nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ oyin, iyọ̀ àti obì, kí ọmọ náà lè gbó, kí ó sì tọ́. Àwọn Kristẹni mìíràn a máa yẹra fún un nítorí pé òun ni wọ́n fi ń bọ Ṣàngó. Ní tèmi, Ẹlẹ́dàá ti dá igi náà kí ẹnikẹ́ni tó fi kóró rẹ̀ bọ ohunkóhun.

Àwọn baba wa ń jẹ ẹ́ fún ikọ́, fún inú rírun àti fún ohùn tí ó há. Igi rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe pákò.

Àwọn onímọ̀ kò fi ọ̀rọ̀ àgbà ṣeré. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n yọ èròjà kan tí à ń pè ní kolaviron jáde láti inú kóró náà, wọ́n sì rí i pé ó ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀ èkúté lọ́wọ́ májèlé. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn dókítà fi orógbó dán àwọn tí eékún ń ro wò. Ìròyìn wọn jáde ní 2008 pé ìrora wọn dínkù. Ṣáájú èyí, ní 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu, ẹni tí ó wá di alága àjọ elétò ìdìbò lẹ́yìn náà, kéde ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà pé omi orógbó dá kòkòrò àrùn Ebola dúró. Ṣùgbọ́n inú ìgò ni ó ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe nínú ara ènìyàn.

Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni ọ̀pọ̀ gbàgbé nígbà tí Ebola wọ Èkó ní July 2014. Ogúnlọ́gọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra orógbó jẹ bí ẹni pé àjẹsára ni. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 sì kú nínú wọn. Ohun tí ó gbà wá ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá gbogbo ẹni tí ó fara kan aláìsàn kàn, ilé dé ilé, wọ́n ń ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21, wọ́n sì ń ya ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná sọ́tọ̀. Ní October 20 ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ fún akọrin yín ní orógbó jẹ kí ohùn rẹ̀ lè já gaara. Bí ibà bá mú ọmọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ.