Ṣé O Mọ̀? Nǹkan Rẹ Tó Há Sọ́wọ́ Ẹlòmíì

Ṣé o mọ̀ pé mẹ́káníìkì tó tún ẹ́ńjìnnì danfó rẹ ṣe ní Mobil Road, l'Ájégúnlẹ̀, lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a dúró títí o ó fi sanwó iṣẹ́? Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ kò lè torí pé òun dì í mú kó tún máa bu owó ààyè lé e lójoojúmọ́. Nítorí ara rẹ̀ ló ṣe gbé e pamọ́, ìwọ kọ́ lo bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí o bá sì kówó iṣẹ́ kalẹ̀, tó ṣì ní òun ò gbé e sílẹ̀, ẹjọ́ ti dé nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé adájọ́ á kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá o béèrè nǹkan rẹ, tí wọ́n sì kọ̀? Ìdí nìyí tí lọ́yà fi ń kọ lẹ́tà ná. Orúkọ nǹkan náà, nọ́ńbà ara rẹ̀, ọjọ́ tí o fẹ́ gbà á: ojú ìwé kan ti tó. Jẹ́ kí ẹni tó gbà á buwọ́ lu ẹ̀dà tìrẹ. Ariwo tí o pa lójú ọjà Boundary, l'Ájégúnlẹ̀, ta ni yóò bá ọ jẹ́rìí sí i?

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ tí o bá pe ẹjọ́ náà lè sọ ọ́ di olówó tàbí aláìní? Bí o bá pè é ní conversion, ìyẹn pé wọ́n sọ nǹkan rẹ di tiwọn, iye tí nǹkan náà tó lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ di tiwọn ni wọ́n ń wò. Bí o bá pè é ní detinue, ìyẹn pé wọ́n dì í mú, wọn ò dá a padà, iye rẹ̀ lọ́jọ́ ìdájọ́ ni. Ẹni tó ra jẹnẹrétọ̀ kó tó di 2023, tó tún lọ béèrè iye rẹ̀ lónìí, mọ ohun tí mò ń wí. Lọ́dún 1989, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ ọkùnrin kan tí oníṣòwò ọkọ̀ já ọkọ̀ tó tà fún un láwìn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí ọkọ̀ náà, ilé ẹjọ́ tún ní kí oníṣòwò náà san ₦20 fún un lójoojúmọ́ tí kò fi rí i lò.

Ṣé o mọ̀ pé lábẹ́ òfin hire purchase (gbà á lò, máa san án díẹ̀díẹ̀) ti 1965, bí o bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó ọkọ̀, olówó ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gbà á padà láìgba ilé ẹjọ́? Bó bá fipá gbà á, gbèsè tó kù ti wọmi, wàá sì gba gbogbo owó tí o ti san padà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù rèé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ilé ni, kì í ṣe ti ẹrù: Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní kí onílé tó fipá lé ayálégbé jáde san tó ₦250,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ó ń ṣiṣẹ́ l'Ájégúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà yọ Àpápá sílẹ̀, pẹ̀lú Ikeja GRA, Ìkòyí àti Victoria Island. Ẹ̀yin ará Àpápá, ẹ kú àmúmọ́ra!

Ká padà sórí nǹkan rẹ tí wọ́n dì mú: ọdún mẹ́fà lo ní láti pẹjọ́. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló dì í mú lẹ́nu iṣẹ́, irú bíi kọ́sítọ́ọ̀mù lébùúté Àpápá, oṣù mẹ́ta péré ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ̀ fún ọ ni kí o ti máa kà á.